Ẹ̀sọ̀ Yàtọ̀ Sí Ìjáfara

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ yàtọ̀ sí fònídónìí-fọ̀ladọ́la.

Lọ́dún 2012, ẹgbẹ́ AOPA àti EAA nílẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ FAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú, pé kó dín wàhálà ìwé-ẹ̀rí ìlera kù fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ kékeré gbafẹ́. Láti 2004 ni àjọ náà ti gbà kí àwọn tó ń wa èyí tó fúyẹ́ jù máa fi ìwé-àṣẹ ìwakọ̀ mọ́tò fò. Síbẹ̀, kò sí èsì tó yanjú. Ìgbà tí ilé aṣòfin dá sí i, tí Ààrẹ Obama buwọ́ lùwé lóṣù keje 2016, ni ọ̀nà tó là. Oṣù karùn-ún 2017 ni ìlànà tuntun bẹ̀rẹ̀: kí dókítà ẹni máa yẹ ara ẹni wò lọ́dún mẹ́rin-mẹ́rin.

Àwọn àgbàlagbà ni ìdádúró yìí dùn jù. Òfin tó bá le koko ju bó ṣe yẹ lọ lè sọ èèyàn di ẹni tó ń sá fún dókítà, tó ń fi àìsàn pamọ́.

Ó yẹ kí àjọ ìjọba máa tètè fèsì. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n sọ. Ẹni tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀ kò ní ọdún márùn-ún tí yóò fi ṣòfò.