Irin Ìdí Ọkọ̀ àti Ìrìn Àjò Ọdún

A bá àwọn tí ó bímọ yọ̀, a sì bá àwọn tí ó ṣọ̀fọ̀ kẹ́dùn. Ìròyìn wọn wà ní ojú ìwé tí ó kàn. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a fẹ́ sọ ní oṣù yìí, nítorí ìgbà tí ọ̀pọ̀ wa yóò kó ọmọ àti ẹrù lọ sílé ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Lẹ́yìn ìpàdé tí a ṣe kọjá, ọmọ wa kan fà wá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ọkọ̀ mi kì í gba kọ́nà dáadáa ní Hawan Kibo. Bí mo bá yí ọwọ́, imú rẹ̀ a máa fẹ́ lọ tààrà. Mẹkáníìkì ní kí n yọ irin stébíláísà ẹ̀yìn, kí n fi èyí tí ó nípọn jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Ṣé kí n ṣe é kí a tó lọ sílé?" Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta ni yóò jókòó sínú ọkọ̀ náà, nítorí náà a kò fẹ́ dá a lóhùn bí ẹni ń ṣeré. A bi àwọn tí ó mọ iṣẹ́ léèrè, a sì fi ojú ara wa wo abẹ́ ọkọ̀ náà.

Kí ni iṣẹ́ irin yìí? Irin gígùn ni, ó dùbúlẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ láti ọ̀tún dé òsì, orí rẹ̀ méjèèjì sì so mọ́ ibi tí àwọn táyà wà. Bí ọkọ̀ bá wọ kọ́nà, ara rẹ̀ a tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Irin náà a lọ́, a sì máa tiraka láti nà padà. Ìtiraka yẹn ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí táyà méjèèjì bá jọ wọ kòtò lẹ́ẹ̀kan náà, kò níṣẹ́ tí yóò ṣe. Kì í gbé ẹrù pẹ̀lú. Bí ẹrù bá tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀, iṣẹ́ sípíríìnì ni láti gbé e.

Ẹ má ṣe rò pé àfikún kékeré ni irin tí ó nípọn díẹ̀. Bí a bá fi irin milimítà 20 rọ́pò ti milimítà 16 tí ó jọ ọ́ ní gbogbo ọ̀nà, líle rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì àbọ̀.

Ǹjẹ́ mẹkáníìkì náà purọ́ bí? Rárá o. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ń wà, iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà, táyà iwájú ni ó ń fa ọkọ̀, òun náà ni ó ń darí rẹ̀. Iṣẹ́ pọ̀ fún un, ìdí nìyí tí ó fi ń kọ́kọ́ yọ̀ nínú kọ́nà. Bí irin ẹ̀yìn bá le sí i, ìwúwo yóò kúrò lórí ọ̀kan nínú táyà ẹ̀yìn, yóò sì wọ́ jọ sórí èkejì. Àpapọ̀ bí táyà ẹ̀yìn ṣe ń di ilẹ̀ mú yóò dínkù, ti iwájú yóò sì rí ìtura. Ọkọ̀ yóò yá sí kọ́nà lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí a fi kún iwájú, ara ẹ̀yìn ni a ti bù ú. Bí iyanrìn ìgbà ọyẹ́ bá wà lórí ọ̀dà, tàbí òjò bá rọ̀, tí ẹ̀rù sì ba awakọ̀ tí ó tẹ bíréèkì láàárín kọ́nà, ìdí ọkọ̀ lè yọ̀ kí ó fẹ́ yípo. Imú tí ó ń lọ tààrà, ẹni tí ó bá rọra dín eré kù lè kápá rẹ̀. Ìdí tí ó bá yọ̀ ṣòro fún ọ̀pọ̀ wa láti mú.

Kí ni a wá rí lábẹ́ ọkọ̀ ọmọ wa? Línkéèjì irin náà ti jẹ, bọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti ya, ṣọ́ọ̀kì iwájú kan sì ń jo òróró. Ariwo kó-kó-kó tí ó ń gbọ́ ní ọ̀nà gbágungbàgun, àwọn ni. Afẹ́fẹ́ táyà iwájú kéré sí iye tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Ó tún jẹ́wọ́ fún wa pé àpò pọ̀tétò méjì ni òun dì sórí ọkọ̀ lọ sílé lọ́dún tí ó kọjá. Ẹrù orí ọkọ̀ a máa mú kí ó tẹ̀ nínú kọ́nà ju bí ó ti yẹ lọ. Inú búùtù ni kí ẹrù wíwúwo wà, kí ó sún mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó.

Ó pààrọ̀ línkéèjì, bọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì, ó fẹ́ táyà rẹ̀ dáadáa, ó sì dín eré kù. Ó padà sí Hawan Kibo, ó ní imú ọkọ̀ ti ń gbọ́ràn. Ó ti fi irin nínípọn náà sílẹ̀.

Bí ẹnìkan bá ṣì fẹ́ ẹ, kí ó ra èyí tí a ṣe fún irú ọkọ̀ rẹ̀ gan-an. Kí wọ́n gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì sókè ní ọgbọọgba, lórí ohun tí ó dúró gbọn-in, kì í ṣe lórí jáàkì nìkan. Bí ihò ìdè rẹ̀ bá ju ọ̀kan lọ, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti èyí tí ó rọ̀ jù. Kí ó sì dán an wò ní gbangba tí kò sí èrò, láìkó ìyàwó àti ọmọ dání.

Kí gbogbo wa wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn àmì DOT lára táyà wa pẹ̀lú: bí ó bá jẹ́ 2318, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2018 ni wọ́n ṣe é. Táyà tí ó ti gbó, kò sí irin tí ó lè gbà á.

Àwọn òbí wa ń retí wa nílé; ẹ jẹ́ kí a dé bá wọn láyọ̀. A ó lọ ire, a ó bọ̀ ire. Ó di oṣù tí ń bọ̀.