Wolé-wolé Kì Í Ṣe Ọ̀tá Wa, Ṣùgbọ́n Rìsíìtì Kò Lè Lé Àrùn Lọ

Lórúkọ Ìyálọ́jà àti gbogbo ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ la fi kọ ìwé yìí. Ẹni tó bá lè kà á, kó jọ̀ọ́ kà á sétí ẹni tí kò lè kà á.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ tó kọjá, àwọn ìyá kan láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja àti àwọn olóúnjẹ dìde, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí káńsù pé a ò fẹ́ rí wolé-wolé lọ́jà yìí mọ́. Wọ́n ní owó ni wọ́n ń wá, wọn ò wá ìmọ́tótó. Ọ̀pọ̀ ló pàtẹ́wọ́ fún wọn. A gbọ́ ẹjọ́ wọn, a sì mọ̀ pé ohun tó ń dùn wọ́n kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n èrò tiwa ni pé tí a bá lé wolé-wolé lọ, àwa náà la ó kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ohun tó yẹ ni ká mú wọn ṣe iṣẹ́ tí ìjọba torí rẹ̀ ń san owó oṣù fún wọn. Ẹ jẹ́ ká ro ọ̀rọ̀ yìí pa pọ̀.

Àwọn àgbà inú wa rántí wolé-wolé ayé àtijọ́. Aṣọ kakí ni wọ́n ń wọ̀. Wọ́n á wọ ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á wo ṣáláńgá, wọ́n á ṣí àmù omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá bá tanwíjí nínú àmù rẹ̀, kóòtù ló ń lọ, yóò sì san owó ìtanràn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn wọn nígbà náà o. Ṣùgbọ́n ojú ni wọ́n fi ń wo nǹkan, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣí àmù. Kì í ṣe pé wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà ọjà kí wọ́n máa ya tíkẹ́ẹ̀tì. Ìdí tí wọ́n fi le bẹ́ẹ̀ wà. Láti 1924 lọ, fún ọdún mélòó kan, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri jà ní Èkó, ó sì pa èèyàn púpọ̀. Ìgbà náà ni ìjọba ń ní kí aráàlú máa pa eku káàkiri. Àwọn ìyá wa tó ń tajà nígbà yẹn mọ̀ pé eku inú ọjà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí òfin wí. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní ẹsẹ-ẹsẹ. Ó ní àwọn ló ni iṣẹ́ ṣíṣe ọjà àti títọ́jú rẹ̀, ilé ìpẹran, gáréèjì ọkọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ aráàlú, àti kíkó pàǹtí. Ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òfin náà dárúkọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ aráàlú, bíi pé ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé wọ́n á fẹ́ gbàgbé. Torí náà, tí a bá bèèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi lọ́jà, a ò tọrọ bárà, a ò sì bẹ alága káńsù kankan kó ṣe wá lóore. Iṣẹ́ wọn ni.

Kí la ń rí báyìí? Owó ìmọ́tótó ni wọ́n ń gbà. Wọ́n á fún wa ní rìsíìtì, nígbà míì wọn ò ní fún wa. Wọn kì í bojú wo gọ́tà tó dí. Ààtàn ẹ̀yìn ọjà ga débi pé ewúrẹ́ ń gùn ún bí òkè. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí àwa ọlọ́jà ń lò ní ilẹ̀kùn ṣùgbọ́n kò lómi, obìnrin tó bá sì fẹ́ tọ̀ á rìn jìnnà tàbí kó mú un mọ́ra títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ jọ̀ọ́, obìnrin tó bá ti ibẹ̀ dé tí kò rómi fọwọ́, ọwọ́ yẹn náà ló máa fi bu ẹ̀kọ fún oníbàárà.

Èyí tó burú jù ni ti káàdì àwọn tó ń ta oúnjẹ. Ẹ mọ̀ pé ìlànà ni pé kí ẹni tó bá ń ta oúnjẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ara, kí wọ́n wo ìgbẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kó má baà jẹ́ pé ó ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun tàbí aràn tó lè kó ran ẹni tó ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìlànà tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń ta àmàlà lọ gba káàdì yìí. Wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, wọ́n lu òǹtẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ. Kò sẹ́ni tó gba ẹ̀jẹ̀, kò sẹ́ni tó fún un ní ike kékeré pé kó lọ yàgbẹ́ sí i wá. Ìwé náà wí pé ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ta ló bi ara léèrè? Ìyá yìí fúnra rẹ̀ ló wá fi ẹjọ́ sùn wá, torí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ní òun sanwó àyẹ̀wò, àyẹ̀wò lòun sì fẹ́. Ẹ ò rí i pé òtítọ́ ló sọ? Ẹni tó ta káàdì láìyẹ ara wò, àrùn ló fi òǹtẹ̀ ìjọba lù.

Àwọn kan á ní, ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ fi sílẹ̀, ká sáà máa fún wọn ní owó wọn kí wọ́n lọ, oníkálukú á sì máa bá ọjà rẹ̀ lọ. A kò gbà. Àrùn kì í gba rìsíìtì. Ẹ wo àrùn onígbáméjì tí a ń pè ní kọ́lẹ́rà. Inú omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ẹni tó ní in bá kàn ló ń gbà wọlé. Á máa ṣu omi, á máa bì, omi ara á gbẹ, tí wọn ò bá sì tètè tọ́jú rẹ̀, láàárín wákàtí mélòó kan ó lè kú. Ní ọdún 2021, ó lé ní 100,000 èèyàn tí wọ́n fura pé kọ́lẹ́rà mú ní Nàìjíríà, ó sì lé ní 3,500 tó kú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, nígbà tó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sọ pé omi ọ̀fíò tí wọ́n rọ sínú ike, tí kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC, wà lára ohun tó fà á. Omi ọ̀fíò o! Ohun tí àwa obìnrin ń tà nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó ń ṣe tirẹ̀ ní mímọ́ náà ń jìyà, torí oníbàárà ò mọ ti èwo yàtọ̀ sí ti èwo.

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Bí àrùn bá dé, ọjà ni wọ́n kọ́kọ́ ń nàka sí. Nígbà tí Ẹ́bólà wọ Èkó ní oṣù keje ọdún 2014, èèyàn 20 ló mú, 8 nínú wọn kú, ṣùgbọ́n káàkiri ìlú ni àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ ti káwọ́ lérí nídìí igbá. Ohun tó gbà wá lọ́dún náà ni pé dókítà obìnrin kan, Ameyo Adadevoh, kò jẹ́ kí aláìsàn náà jáde ní ọsíbítù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀mí rẹ̀ lọ sí i, àti pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ láti ilé dé ilé wá gbogbo ẹni tó fara kàn án. Ní 20 oṣù kẹwàá, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o: lílọ láti ilé dé ilé. Iṣẹ́ wolé-wolé nìyẹn. Ní 2020 tí Kòrónà dé, ẹ rántí bí wọ́n ṣe ti ọjà pa, tí tòmátì ń jẹrà, tí àwọn tó ń jẹ ohun tí wọ́n bá pa lójúmọ́ ń sùn lébi. Kò sí ẹni tó san gbèsè wa fún wa.

A ò ní torí pé káńsù kò ṣe tirẹ̀ ká wá dijú sí tiwa. Òótọ́ ọ̀rọ̀ bí ìsọkùsọ ni. Àwọn kan nínú wa ń fi kábáàdì pọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò, bẹ́ẹ̀ NAFDAC ti ń kìlọ̀ lọ́dọọdún pé májèlé lè wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ń fọ́n oògùn apakòkòrò sí ẹ̀wà àti ẹja gbígbẹ. Oògùn inú ìgò kékeré yẹn, láti 2019 ni NAFDAC ti ní kí wọ́n má tà á lọ́jà mọ́. Àwọn kan ń sá gàrí sí ẹ̀gbẹ́ títì, eku ń tọ̀ sí i lóru. Eku ló ń gbé ibà Lásà kiri. Wọ́n kọ́kọ́ rí àrùn náà ní ìlú Lassa ní Borno lọ́dún 1969, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí wa mọ́, torí ìpínlẹ̀ Oǹdó, pàápàá agbègbè Ọ̀wọ̀, wà lára ibi tó ti ń jà jù. Àwọn kan ń gbá ilẹ̀ ìsọ̀ wọn sínú gọ́tà. Bí òjò bá rọ̀, ilé ta ni omi náà ń ṣàn lọ? Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. Wolé-wolé tó bá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lóòótọ́ ni yóò gba ẹni tó ń ṣe dáadáa lọ́wọ́ ẹni tó ń ba ọjà jẹ́.

A mọ ohun tí káńsù máa sọ. Wọ́n á ní kò sówó, wọ́n á ní ìpínlẹ̀ ló ń di owó àwọn mú. Ṣùgbọ́n ní 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé gómìnà kankan ò gbọ́dọ̀ di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú, kí owó wọn máa bọ́ sí wọn lọ́wọ́ tààrà. Bó bá jẹ́ pé ìpínlẹ̀ ṣì ń dí wọn lọ́wọ́, kí wọ́n wá sọ ọ́ fún wa ní gbangba, àwa ọlọ́jà ò ya odi. Owó tí àwa fọwọ́ ara wa san lójoojúmọ́ ńkọ́? Kò gba ọ̀dọ̀ gómìnà kọjá. Ká bèèrè ibi tó lọ kì í ṣe àfojúdi. Àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta, pẹ̀lú Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ṣe é ní 1947. Owó orí ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn láìsí pé ohùn wọn wọ ìgbìmọ̀ tó ń ná an. Wọn ò dáná sun ọjà. Wọ́n kóra jọ, wọ́n jókòó, wọ́n kọ̀wé, wọn ò sì dákẹ́ títí wọ́n fi mú owó orí náà kúrò lọ́rùn obìnrin.

Nítorí náà, ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ gbé wá síwájú yín ní ìpàdé gbogbogbòò nìyí:

1. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ san owó ìmọ́tótó láìgba rìsíìtì káńsù. Kí a tọ́jú gbogbo rìsíìtì, kí ẹgbẹ́ máa rò ó pọ̀ lóṣooṣù, kí a lè mọ iye tí ọjà yìí ń san.

2. Kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan yan obìnrin méjì tí yóò máa bá wolé-wolé rìn tó bá dé. Wọn á ní ìwé àkọsílẹ̀: ọjọ́ tó wá, ohun tó wò, ohun tó ní ká tún ṣe, ohun tí òun náà ṣèlérí. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kọ lè mú ọmọ rẹ̀ dání.

3. Kí olóúnjẹ kankan má gba káàdì láìṣe àyẹ̀wò. A ó kọ̀wé sí ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n dá ọjọ́ tí wọn yóò yẹ gbogbo wa wò.

4. Kí káńsù fún wa ní ọjọ́ tí omi yóò dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò máa kó pàǹtí. A fẹ́ ọjọ́ nínú ìwé, a ò fẹ́ "a máa wò ó".

5. Ẹni tí àgbẹ́gbuuru bá mú lọ́jà, ẹ má fi pamọ́ nítorí ìtìjú tàbí ìbẹ̀rù pé wọ́n á ti ọjà pa. Ẹ po omi tó mọ́ lítà kan, ṣíbí tíì ṣúgà 6 tó tẹ́jú, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kó máa mu ún, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsíbítù kíákíá. Àrùn tí a bá tètè sọ kì í ti ọjà pa. Èyí tí a bá bò mọ́lẹ̀ ló ń tì í.

Ẹ̀yin tó ní ká lé wolé-wolé, a ò bá yín jà. Ẹ wá sí ìpàdé, ẹ wá sọ tẹnu yín. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè: bó bá lọ, ta ló máa bá wa dá ẹni tó ń fọ́n májèlé sí ẹ̀wà lẹ́kun? Ta ló máa wo omi tí wọ́n fi ń rọ ọ̀fíò? Ọ̀nà méjì péré kọ́ ló wà, ká lé e tàbí ká fún un ní rìbá. Ọ̀nà kẹta wà, òun ni ká dúró tì í kó ṣiṣẹ́. Ìlera loògùn ọrọ̀, ẹni tí ara rẹ̀ ò le kò lè nájà.

Òjò ti ń ṣú, ẹ má jẹ́ kó rọ̀ bá wa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ kú ojú lọ́nà ìpàdé. Ẹ ó tà, ẹ ó jèrè, ẹ ò ní tà fún àrùn o. Àṣẹ.

Àwa ni,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́, lórúkọ Ìgbìmọ̀