Gìrì Aboyún: Ohun Tí Ó Ń Fi Sílẹ̀ Lára Lẹ́yìn Ìbímọ

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú oṣù yìí, èyí tí ó máa ń di gìrì aboyún bí a kò bá tètè mójú tó o. A ti mọ̀ ọ́n sí àìsàn tí ń pa ìyá lórí ìkúnlẹ̀, òótọ́ sì ni, nítorí ó wà lára àwọn ohun tí ń pa aboyún jù lọ ní orílẹ̀-èdè wa títí di òní. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń béèrè ohun kan tí a kì í sábà dá wọn lóhùn dáadáa: “Nígbà tí mo ti bímọ tán, tí ara mi sì ti balẹ̀, ṣé àìsàn náà ti tán nìyẹn?”

Lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin, àwọn àmì rẹ̀ a máa lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìwádìí àwọn oníṣègùn sì ti fi hàn pé kíndìnrín àti àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara kì í tètè gbàgbé rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí àìsàn yìí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Inú ibi-ọmọ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oyún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, ibi-ọmọ a máa ta gbòǹgbò sára ilé ọmọ bí igi ti ń ta gbòǹgbò sínú ilẹ̀. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tí ó wà níbẹ̀ ní láti gbòòrò, kí ẹ̀jẹ̀ ìyá lè máa ṣàn wọlé fàlàlà. Lára àwọn obìnrin kan, wọn kì í gbòòrò tó. Ẹ̀jẹ̀ tí ibi-ọmọ ń rí kò wá ní í tó o, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Ní ọdún 2003, àwọn oníwádìí ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, tí Dókítà Ananth Karumanchi tí í ṣe onímọ̀ nípa kíndìnrín wà láàárín wọn, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀kan nínú àwọn èròjà wọ̀nyí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ sFlt-1. Wọ́n fi èròjà náà sára àwọn eku tí ó lóyún. Ẹ̀jẹ̀ àwọn eku náà ru, kíndìnrín wọn bàjẹ́, ìtọ̀ wọn sì yí padà gẹ́gẹ́ bí ti aboyún tí àìsàn yìí ń ṣe. Ohun tí èròjà yìí ń ṣe ni pé ó ń gba ohun tí ń gbé ẹ̀mí awọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ró mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà, ibi gbogbo tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ti tín-ín-rín tí ó sì pọ̀ ni ó ti ń bà á jẹ́: inú kíndìnrín, inú ẹ̀dọ̀, inú ọpọlọ, àti ẹ̀yìn ẹyinjú.

Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ṣì ń gbọ́ ọ láàárín ilé pé ìyàwó ni kò gbọ́ràn, tàbí pé ó ń ronú jù, tàbí pé ọwọ́ ayé ni. Kò sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn ìyàwó.

Ẹ jẹ́ kí a mú kíndìnrín lákọ̀ọ́kọ́. Ó dà bí asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì. Bí asẹ́ bá dára, omi yóò kọjá, èérí yóò dúró; bí ó bá ya, ohun tí kò yẹ kí ó kọjá yóò bá omi lọ. Ohun tí ń bá ìtọ̀ lọ nígbà tí asẹ́ kíndìnrín bá bàjẹ́ ni purotéènì, irú ohun tí ó wà nínú funfun ẹyin. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì fi ń béèrè ìtọ̀ yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ sí ibi ìtọ́jú aboyún, tí ó sì ń ti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú rẹ̀. Ẹ má ṣe kà á sí ìyọnu. Bébà tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan yìí lè sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ojú lásán rí. Bákan náà ni ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru: bí iye tí ó wà lókè bá dé 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ dé 90, lẹ́yìn tí oyún ti kọjá ogún ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ohun tí a ń fi ọ̀la dá. Bí ó bá dé 160 lókè, tàbí 110 nísàlẹ̀, ilé ìwòsàn ni, ní ọjọ́ náà gan-an.

Ní ti ara wíwú, ẹsẹ̀ tí ó wú díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kì í sábà jẹ́ nǹkan lára aboyún. Ṣùgbọ́n bí ojú bá wú lójijì, tí ọwọ́ wú tó bẹ́ẹ̀ tí òrùka kò bọ́ mọ́, ẹ má ṣe dúró gbọ́ ti àwọn tí yóò máa rẹ́rìn-ín pé ọmọ ọkùnrin ní ń wú ìyá rẹ̀ lójú.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí pẹ́, nítorí òun ni a mọ̀ kéré jù. Ní ọdún 1982, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Louis Weinstein, kọ nípa aboyún 29 tí irú àìsàn yìí kan náà ṣe, ṣùgbọ́n tí tiwọn gba ọ̀nà mìíràn yọ. Àwọn èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ wọn ń fọ́, ẹ̀dọ̀ wọn ń bàjẹ́, àwọn èròjà tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́ sì ti dín kù gidigidi. Òun ni ó fún un ní orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é títí di òní, HELLP. Nínú irú èyí, ẹ̀dọ̀ a máa wú, awọ tí ó bò ó a sì le kankan. Obìnrin náà yóò máa ní ìrora lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, tàbí ní òkè ikùn níbi tí ìhà méjèèjì ti pàdé. Inú rẹ̀ yóò máa rú, ó sì lè máa bì.

Ta ni yóò gbọ́ irú ìrora bẹ́ẹ̀ tí yóò ronú kan oyún? Ọgbẹ́ inú ni ọ̀pọ̀ yóò pè é. Òmíràn yóò ní ibà ni, òmíràn yóò ní ẹ̀wà alẹ́ àná ni. Wọn yóò ra oògùn inú rírun ní ìsọ̀ kẹ́místì, tàbí kí wọ́n po àgbo, wákàtí yóò sì máa lọ. Ohun tí ó tún burú níbẹ̀ ni pé lára àwọn obìnrin kan, ẹ̀jẹ̀ wọn lè má tíì ru rárá nígbà tí ẹ̀dọ̀ ti ń bàjẹ́, tí ìtọ̀ wọn náà sì mọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí kò bá sí purotéènì nínú ìtọ̀, àwọn dókítà kì í pe àìsàn náà ní orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2013 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà aboyún ní Amẹ́ríkà yí ìlànà yìí padà, tí wọ́n ní bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ru, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín ti fara gbá, ó tó. Nítorí náà, aboyún tí oyún rẹ̀ ti kọjá oṣù márùn-ún, tí òkè ikùn ń dùn ún gidigidi, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé: “Ẹ bá mi wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ẹ wo ìtọ̀ mi, kí ẹ sì yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò nítorí ẹ̀dọ̀.” Kò sí àrífín kankan nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Orí fífọ́ tí oògùn kò ràn àti ojú tí ń ṣú tàbí tí ń rí ohun tí ń kọ mànà jẹ́ àmì pé gìrì kò jìnnà mọ́. Bí gìrì bá mú obìnrin níṣojú yín, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ mú ohun tí ó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, kí ẹ sì wá ọkọ̀. Ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Àgbo tí a fi ìtọ̀ màálù ṣe, tí àwọn kan ń rọ sí ẹni tí gìrì mú lẹ́nu, lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, kí ó sì pa á kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ní ilé ìwòsàn, oògùn kan wà tí ń jẹ́ magnesium sulphate, tí a ti dán wò lára àwọn obìnrin tí ó lé ní 10,000 ní orílẹ̀-èdè 33. Àbájáde rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 2002 fi hàn pé ó dín iye àwọn tí gìrì ń mú kù ju ìlàjì lọ. Ṣùgbọ́n kì í wo àìsàn náà sàn. Àfi kí ọmọ àti ibi-ọmọ jáde.

Ibi-ọmọ lè ti jáde tán, síbẹ̀ kí ewu má tíì lọ. Láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà lẹ́yìn ìbímọ ni ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń ru jù. Ẹ wo ọjọ́ tí ìyẹn bọ́ sí láàárín wa! Àkókò tí a ń múra ìkómọ ni, tí àwọn àna ń wọlé, tí ìyá ìkókó ń kí àlejò láti òwúrọ̀ di alẹ́. Bí ó bá ní orí ń fọ́ òun, a óò ní àárẹ̀ ni. Ẹ̀yin ìyá ọkọ tí ọmọ yín bá ń ka ojú ìwé yìí sí létí, ẹ jọ̀wọ́, orí tí ń fọ́ ìyá ìkókó láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ yẹ ní wíwò, kí a wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kí a tó ní kí ó lọ sùn.

Nísinsìnyí, a dé orí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Norway, láti ọdún 1967 ni ìjọba ti ń kọ àkọsílẹ̀ gbogbo ìbímọ sínú ìwé kan. Àwọn oníwádìí ibẹ̀ mú àwọn obìnrin tí ó lé ní 570,000 nínú àkọsílẹ̀ náà, wọ́n sì wò ó bóyá orúkọ wọn wà nínú ìwé àwọn tí kíndìnrín wọn ti kú pátápátá lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2008. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru aboyún ṣe nínú oyún àkọ́kọ́ wà nínú ewu àìsàn kíndìnrín yìí ní ìlọ́po 4.7 ju àwọn tí kò ṣe lọ. Kí ẹ̀rù má baà bà yín jù, ẹ gbọ́ èyí náà: nínú gbogbo àwọn obìnrin wọ̀nyẹn, 477 péré ni kíndìnrín wọn kú. Ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé kíndìnrín àwọn kan nínú wọn kò ti le dáadáa kí wọ́n tó lóyún rárá, kí ó jẹ́ pé oyún ni ó tú àṣírí rẹ̀. Lójú tèmi, ìyẹn gan-an jẹ́ ìdí pàtàkì tí kò fi yẹ kí a fojú fò ó.

Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ náà ń kọ́? Òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ó ti inú ọkàn jáde máa ń rọ̀ bí rọ́bà. Bí ọkàn bá ti ẹ̀jẹ̀ sínú rẹ̀, yóò fẹ̀, yóò sì rọra sún padà, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa lọ pẹ̀lẹ́. Àwọn oníṣègùn lè wọn bí ó ti le tó nípa wíwo bí ìgbì ẹ̀jẹ̀ ti ń yára sí láti ọrùn dé itan. Bí òpó náà bá ti le, ìgbì a máa sáré. Wọ́n ti rí i pé lára ọ̀pọ̀ obìnrin tí àìsàn yìí ṣe, ó le ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, àní lẹ́yìn ìbímọ. Òpó tí ó le kò lè gba ipá ẹ̀jẹ̀ mọ́ra. Gbogbo ipá náà ni yóò máa lọ bá àwọn iṣan tín-ín-rín inú kíndìnrín. Kíndìnrín tí ó bàjẹ́ a sì máa mú kí ẹ̀jẹ̀ túbọ̀ ru, èyí tí yóò tún mú kí òpó le sí i. Owó tí fífọ ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kú kò kéré, ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò sì lè dá a san.

Kí ni kí ẹni tí ó ti ṣe rí ṣe? Kí ó tọ́jú káàdì ìtọ́jú oyún náà bí ó ti ń tọ́jú ìwé ìgbéyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí ó bímọ, kí ó lọ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Bí purotéènì bá ṣì wà níbẹ̀, dókítà kíndìnrín ni kí wọ́n darí rẹ̀ sí. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní ọdọọdún, ì báà jẹ́ pé ara rẹ̀ le kókó. Kí ó dín iyọ̀ kù, kí ó sì rántí pé iyọ̀ pọ̀ nínú àwọn kúùbù tí a ń rún sínú ọbẹ̀. Oògùn ara ríro tí a ń lò lójoojúmọ́ láìsí àṣẹ dókítà kò sì dára fún kíndìnrín.

Bí ó bá tún fẹ́ lóyún, kí ó má ṣe dúró di oṣù márùn-ún kí ó tó forúkọ sílẹ̀, nítorí àwọn oògùn tí ó lè ràn án lọ́wọ́ kì í ṣiṣẹ́ dáadáa bí a bá pẹ́. Nínú ìwádìí kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2017, àwọn aboyún tí ewu wọn pọ̀ lo aspirin 150 mílígíráàmù lálaalẹ́, láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta oyún títí di ọ̀sẹ̀ 36. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí ń mú kí a gbẹ̀bí ọmọ kí oṣù rẹ̀ tó pé dín kù láàárín wọn ju ìlàjì lọ. Dókítà ni yóò sọ ẹni tí ó yẹ fún àti ìwọ̀n tí yóò lò. Ẹ má ṣe lọ rà á fúnra yín. Kálísíọ́ọ̀mù náà wúlò fún àwọn tí oúnjẹ wọn kò ní in tó. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Íńdíà àti Tanzania, pẹ̀lú obìnrin 11,000 ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, tí ó sì jáde ní ọdún 2024, fi hàn pé ìwọ̀n kékeré, 500 mílígíráàmù lóòjọ́, kò kéré sí 1,500 tí a ti ń fún aboyún tẹ́lẹ̀ ní ti dídènà àìsàn yìí. Oògùn ẹyọ kan lóòjọ́ rọrùn láti rántí ju mẹ́ta lọ.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó bá dé ibi ìtọ́jú aboyún, kí ó gbé káàdì àtijọ́ náà lé orí tábìlì níwájú nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó bi í ní ohunkóhun.