Okùn Ọrùn Kọ́ Ló Yẹ Ajá Tí A Fẹ́ Bá Gbé

Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá ni òwe yìí di ẹ̀bi rù. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a bi ara wa léèrè lónìí: ta ni ọdẹ náà, irú fèrè wo ló sì ń fọn? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa ní Òkukù ló fa ìbéèrè yìí.

Bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn, kò sì lè mú ajá rẹ̀ dání. Ọdún mẹ́rin ni Bíńgò ti bá a gbé. Aládùúgbò kan tó ń wá ajá tí yóò máa ṣọ́ ilé fi ayọ̀ gbà á. Ó fi okùn sí i lọ́rùn, ó so ó mọ́ ìdí máńgòrò, ó sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Táígà. Ọjọ́ méjì gbáko ni ajá náà kò fi jẹun. Ní òru ọjọ́ kẹta, ó fà sẹ́yìn títí okùn fi bọ́ lórí rẹ̀, ó sì forí lé ilé àtijọ́. Díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ akẹ́rù tẹ̀ ẹ́ pa ní títì tó ti Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹnu ilẹ̀kùn Bàbá tí a ti tì pa ni a ti bá a. Ọmọdé kan na ọwọ́ sí i lọ́rùn, ó sì bù ú jẹ. Kíá ni àwọn kan gbé igi, wọ́n ní dìgbòlugi ni.

Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára tí Bàbá fi sílẹ̀ ló gba ajá náà lọ́wọ́ ikú. A gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn, a sì fi ọjọ́ 10 ṣọ́ ajá náà. Kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Èrò tèmi ni pé àwa ni a jẹ̀bi, kì í ṣe ajá. Okùn ọrùn ni okùn ajá tí à ń fà lọ sí ọjà, òun náà sì ni okùn ajá tí à ń mú lọ sí ojú Ògún. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ohun tí mò ń wí ni pé ajá tí a fẹ́ kí ó bá wa gbé, okùn mìíràn ló yẹ ẹ́.

Okùn náà ni èyí tó yí àyà àti ẹ̀yìn ajá ká. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní okùn àyà. Bí ajá bá fà, egungun àyà ni agbára náà ń bọ́ sí, kì í ṣe ọ̀nà ọ̀fun tó fi ń mí. Kí a tó rà á, kí a fi tépù aránṣọ wọn àyà ajá yíká, lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, níbi tí àyà ti tóbi jù. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ okùn náà. Bí ọwọ́ odidi bá wọ̀ ọ́, ó ti dẹ̀ jù. Èyí tó rí bí lẹ́tà Y níwájú ló dára jù, nítorí ó fi èjìká sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè nà dáadáa. Ajá tí ẹ̀rù ń bà a máa fà sẹ́yìn bọ́. Nítorí náà, kí tirẹ̀ ní okùn mìíràn tí yóò yí ara rẹ̀ ká níbi tí egungun ìhà parí sí. Bí ó bá jẹ́ ajá tó ń fà lágbára, kí a so okùn ìfàjá mọ́ òrùka tó wà ní àyà, kì í ṣe ti ẹ̀yìn. Bí ó bá fà, yóò yí padà sọ́dọ̀ ẹni tó mú un. Nínú oòrùn tiwa, èyí tó fúyẹ́ ni kí a yàn. Kí a máa yẹ abíyá ajá wò bóyá okùn ti bó o, kí a sì bọ́ ọ lára rẹ̀ bí ó bá ti wà nínú ilé.

Ṣùgbọ́n okùn nìkan kò tó. Àwọn tó ń gba ajá aláìnílé sọ́dọ̀ ní Amẹ́ríkà ní òdiwọ̀n kan: ọjọ́ 3 kí ìpayà tó rọlẹ̀, ọ̀sẹ̀ 3 kí ó tó mọ ìṣe ilé, oṣù 3 kí ó tó gbà pé ilé òun nìyí. Kò burú bí tiwa bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a fún un ní igun kan tí ó pa rọ́rọ́, kí a sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé pé òun ni yóò wá bá wọn. Oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ fún un. Ọ̀nà kan náà ni kí a máa mú un rìn láràárọ̀. Bí ìlù ọdún Ọ̀tìn tàbí ariwo Kérésìmesì bá gba ìlú, inú ilé ni kí ó wà.

Kí a má sì yí orúkọ rẹ̀ padà. Ìlú oríkì ni Òkukù. Ìwé tí Karin Barber kọ lórí oríkì ìlú wa jáde ní 1991, àwọn onímọ̀ sì ń kà á káàkiri àgbáyé. Àwa tí a mọ ohun tí pípe orúkọ ń ṣe ní ara ẹ̀dá, báwo ni a ṣe fẹ́ kí Bíńgò dáhùn sí Táígà?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, “Ènìyàn kò tíì rí jẹ, ẹ ń sọ ti okùn ajá!” Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ènìyàn gan-an ni mò ń sọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé ní Áfíríkà àti Éṣíà. Nínú 100 tó bá kó o, ajá ló kó o ran 99. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn, ó di ikú. Ajá tó já sígboro ní òru lè pàdé dìgbòlugi, kí ó sì gbé e padà wá sílé. Nítorí náà, abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ṣáájú okùn. Bí ajá bá sì bu ènìyàn jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe kí a da epo sí i.

Ní ti owó, okùn àyà Bíńgò kò ti òkè òkun wá. Aránbàtà ni ó fi bẹ́líìtì ìjókòó ọkọ̀ àlòkù rán an. Olówó rẹ̀ tuntun gba ìmọ̀ràn, ó dá orúkọ rẹ̀ padà fún un, ó sì ń mú un rìn láràárọ̀. Ó tó oṣù méjì kí ó tó ju ìrù sí i.

Ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba ajá, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ ẹni náà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ajá tó bá ti mọ ohùn yín, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbọ́ fèrè.