Ẹ Má Fi Àánú Ra Ilẹ̀ Bàbúdà

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìjì Irma wó erékùṣù Bàbúdà ní Òkun Kàríbíánì ní ọjọ́ 6 oṣù Sẹ́tẹ́ńbà, ọdún 2017. Gbogbo ará ibẹ̀, bí 1,800, ni a kó lọ sí Àǹtígúà. Kí púpọ̀ wọn tó padà ni a ti ń gé igbó wọn fún pápá ọkọ̀ òfuurufú! Ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá wọn ro lóko ẹrú, ti gbogbo wọn ni lápapọ̀. Òfin ọdún 2007 sì jẹ́rìí sí i. Lẹ́yìn ìjì, ìjọba yí òfin náà padà, wọ́n ní ẹni tí ó bá ní ìwé ilẹ̀ ni yóò rí owó yá kọ́lé. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Èmi kò gbà á. Bí ilé baba rẹ bá jó, ǹjẹ́ aládùúgbò tí ó gbé páànù wá yóò ní kí ẹ kọ́kọ́ pín ilẹ̀ ẹbí? Bí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá ń dáwó fún irú erékùṣù bẹ́ẹ̀, ẹ fi ra páànù, ìṣó àti àgbá omi. Ẹni tí ó bá bèèrè ìwé ilẹ̀, ẹ má fi owó náà lé e lọ́wọ́.