Ó Jẹ Irú Ará Japan, Ó Kọ Irú Ìyá Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀fun lásán ni. Ó kan ìyá, ó kan ọmọ, ó sì kan owó àpò.

Nígbà ọdún Kérésìmesì tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá sílé láti Amẹ́ríkà. Ìlú kékeré kan lẹ́yìn odi Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ni ó ń gbé. Ọmọ dáadáa ni, kò gbàgbé ilé, ó sì ń fi owó ránṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì tó dé, mo ní kó jẹ́ kí a lọ jẹ iyán ní búkà kan lẹ́bàá ọjà níbí ní Ìgbàrà-Odò, nítorí ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó wá sí Èkìtì tí kò jẹ iyán, ẹnu bodè ló ti padà.

Bí a ti ń lọ ni ó ń ròyìn fún mi. Ó ní ní àdúgbò òun, ilé oúnjẹ àwọn ará Japan ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun máa ń lọ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Kì í ṣe ilé olówó ńlá o. Ilé oúnjẹ kékeré ni, tí àyà ènìyàn kì í já láti wọ̀. Bí ènìyàn bá ti ṣí ilẹ̀kùn báyìí, gbogbo àwọn tó ń dáná yóò kígbe kí i káàbọ̀ ní èdè wọn. Wọn yóò fún un ní aṣọ ìnuwọ́ kékeré tí a rẹ sínú omi gbígbóná. Yóò jókòó sórí àga gíga, yóò máa wo ọwọ́ ẹni tó ń gé ẹja níwájú rẹ̀. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n fi ń jẹun, wọ́n sì ní èèwọ̀ tiwọn: ẹnì kan kì í gún igi méjèèjì náà ní òró sínú ìrẹsì, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe oúnjẹ òkú.

Ó ròyìn ramen fún mi, tó dà bí Indomie tí àwọn ọmọ wa fẹ́ràn, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé egungun ni wọ́n ń sè fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí wọ́n tó rí omi ọbẹ̀ rẹ̀. Èyí kò yà mí lẹ́nu, nítorí ní Japan ni Momofuku Ando ti kọ́kọ́ ṣe irú oúnjẹ tí a ń da omi gbígbóná sí yìí, ní 1958. Ní ọdún 1958 kan náà ni ọkùnrin mìíràn, Yoshiaki Shiraishi, ṣí ilé oúnjẹ kan lẹ́bàá Osaka, níbi tí àwo oúnjẹ ti ń rìn fúnra rẹ̀ kọjá níwájú àwọn oníbàárà. Ibi tí ó ti rí ìgò ọtí tó ń tò lọ ní ilé iṣẹ́ ọtí ni ó ti rí ọgbọ́n náà kọ́. Oníkálukú mú èyí tó wù ú, nígbà tí ó bá sì jẹun tán, òfìfo àwo tó wà níwájú rẹ̀ ni wọn yóò kà láti mọ iye owó. Ẹ̀yin olóúnjẹ tí oníbàárà máa ń bá jiyàn pé, “Ẹran méjì ni mo jẹ, kì í ṣe mẹ́ta,” ṣé ẹ gbọ́ ọgbọ́n yẹn?

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi títí ó fi kan ohun kan tí wọ́n ń pè ní natto. Ó ní ẹ̀wà sóyà ni, tí wọ́n sè, tí wọ́n bò títí ó fi yọ̀ tó sì ń fà bí ilá. Ó ní òórùn rẹ̀ le, ọ̀pọ̀ òyìnbó kì í lè gbé e súnmọ́ ẹnu, ṣùgbọ́n òun ti fi sùúrù kọ́ imú òun títí ó fi mọ́ òun lára. Ẹ bá wò ó bí ó ti ń sọ ọ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ oyè!

A dé búkà. Olóúnjẹ kí wa tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó bu omi ìfọwọ́, ó sì gbé iyán kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò tí irú wooro wà nínú rẹ̀. Bí ọmọkùnrin yìí ti ṣí àwo, ó gbé imú sókè.

“Bàbá, kí ló ń rùn báyìí? Ṣé irú ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n bá mi wá ọbẹ̀ tí kò ní irú.”

Ó sọ ọ́ sókè. Àwọn olùkọ́ méjì tó jókòó nítòsí yíjú wò wá. Olóúnjẹ kò bínú. Ó ní, “Ẹ má bínú, bọ̀ọ̀dá. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí. Mo tilẹ̀ ti dín in kù, èròjà inú ọ̀rá ni mo ń fi sí ọbẹ̀ jù. Ohun tí mo ń rà lọ́wọ́ ìyá onírú mi lọ́sẹ̀ kò ju ìdajì ti àtijọ́ lọ.”

Mo bi í pé ta ni ìyá onírú náà. Mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí etí kan gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó dárúkọ, ìyá tó bí ọmọkùnrin náà.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, búkà dákẹ́ rọ́rọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ irú mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Láti àṣálẹ́ mọ́jú ni èso rẹ̀ ń hó lórí iná kí èèpo rẹ̀ tó rọ̀. Wọn yóò gún un, wọn yóò bó o, wọn yóò ṣàn án lómi títí èèpo yóò fi lọ. Wọn yóò tún gbé e kaná lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn náà wọn yóò fi ewé bò ó fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó di irú. Òórùn náà kì í kúrò lára aṣọ ẹ̀gbọ́n mi. Aṣọ yẹn kan náà ni ó wọ̀ lọ san owó ilé-ìwé ọmọ yìí, láti pírámárì títí dé yunifásítì.

Kí n tó la ẹnu, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, dá sí ọ̀rọ̀. Ó ní ohun alààyè tín-ín-rín tí ojú kò lè rí, tó ń sọ ẹ̀wà sóyà di natto, Bacillus subtilis ni wọ́n ń pè é, òun náà ló sì ń ṣiṣẹ́ jù nínú irú tiwa. Nígbà àtijọ́, koríko ìrẹsì ni àwọn ará Japan fi ń wé tiwọn, bí àwa ti ń fi ewé wé tiwa. Ó tún ní ní 1908, ọ̀jọ̀gbọ́n Kikunae Ikeda ní Tokyo wádìí ohun tó ń mú ọbẹ̀ ewé òkun dùn, ó sì rí i. Ní 1909 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní orúkọ Ajinomoto. Adùn yẹn gan-an ni irú ń fún ọbẹ̀ wa, tí àwọn ìyá wa ti ń rí láìka ìwé.

Mo wá wí fún ọmọ náà pé, “O fi sùúrù kọ́ imú rẹ nítorí irú ará Japan, o sì ń fi dọ́là rà á. Èyí tí a fi tọ́ ọ ni imú rẹ kọ̀?”

Kò fèsì. Ó fọwọ́, ó sì bu òkèlè. N kò ní purọ́ fún yín pé ó rẹ́rìn-ín ní òkèlè àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí mo kọjá ní ìrọ̀lẹ́, mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé, ó ká ṣòkòtò, ó ń bá ìyá rẹ̀ ṣan irú.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ oúnjẹ àjèjì. Oúnjẹ ẹlòmíràn a máa la ojú ẹni. Ṣùgbọ́n ẹja tútù tí wọn kò sè yẹn, ẹ má ṣe fi ẹja odò wa dán an wò o. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìlera wọn ní kí ọ̀pọ̀ irú ẹja bẹ́ẹ̀ wà nínú yìnyín tó tutù dé ìwọ̀n 20 nísàlẹ̀ òdo fún ọjọ́ 7, kí aràn inú rẹ̀ lè kú. Tiwa, kí ó jinná dáadáa.

Ẹ̀yin olóúnjẹ, ohun tó yẹ kí a kọ́ lára wọn kò le: ọ̀yàyà, omi mímọ́, àti iye owó tí a kọ sára ògiri. Ẹ̀yin onírú, ẹ bo ọjà yín kí eṣinṣin má bà á, nítorí eṣinṣin ló ń lé oníbàárà ju òórùn lọ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì wà nínú ìkòkò ìyá wọn. Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ pé irú ń rùn, kí ó kọ́kọ́ bèèrè ta ló ṣe é.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí. Ire o.