Eyín Kì í Pa Ọmọ

Ní Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ìlú àti abúlé púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ọmọ oṣù 7 bá ń yàgbẹ́ gbuuru, tí ara rẹ̀ sì gbóná, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn àgbà ilé ni pé, "Eyín ni ó fẹ́ hù." Ọkàn ìyá a balẹ̀, a sì gbé ọmọ pọ̀n lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Ìfọ̀kànbalẹ̀ yìí léwu púpọ̀.

Òtítọ́ ni pé eyín a máa bẹ̀rẹ̀ sí hù ní nǹkan bí oṣù 6. Itọ́ a máa dà lẹ́nu ọmọ, èrìgì a máa yún un, a sì máa sunkún. Iṣẹ́ eyín kò ju èyí lọ. Eyín kì í mú kí ọmọ yàgbẹ́ bí omi, kì í mú ibà wá, bẹ́ẹ̀ ni kì í fa gìrì. Ṣùgbọ́n ìgbà kan náà ni ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ sí jẹ oúnjẹ mìíràn pẹ̀lú ọmú, tí ó ń rá nílẹ̀, tí ó sì ń fi ohun gbogbo sẹ́nu; agbára tí ó ti ara ìyá rẹ̀ gbà láti fi bá àrùn jà sì ti ń dínkù. Èérí inú oúnjẹ àti omi ni ó sábà ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ̀fọn ni ó ń mú ibà wá. Àgbẹ̀ tí àgbàdo rẹ̀ ń gbẹ nígbà tí ó ń yọmọ kì í sọ pé yíyọmọ ni ó ń pa á. Yóò tú ewé rẹ̀ wò bóyá kòkòrò wà níbẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí, kí ó rántí ọdún 2008. Ní ọdún náà ni a ta oògùn eyín olómi kan tí a ń pè ní My Pikin ní Nàìjíríà. Èròjà olóró kan ti wọ inú rẹ̀. Ó ba kíndìnrín àwọn ọmọ jẹ́, wọn kò lè tọ̀ mọ́, ọmọ tí ó ju 80 lọ sì kú. Oògùn tí a rà fún ohun tí kì í ṣe àìsàn ni ó pa wọ́n.

Kí ni ó yẹ ní ṣíṣe? Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, omi ara rẹ̀ tí ń gbẹ ni ó ń pa á. Kí a má ṣe fi omi dù ú, kí a má sì gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Kí ìyá wá omi iyọ̀ àti ṣúgà oníwé ti ilé ìwòsàn. Bí kò bá sí, kí ó se omi lítà 1, kí ó jẹ́ kí ó tutù, kí ó fi ṣíbí tíì ṣúgà 6 àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sí i, kí ṣíbí náà má ṣe ga ní orí. Bí ó bá ní iyọ̀ ju omijé lọ, kí a dà á nù. Kí a máa fi ṣíbí fún ọmọ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá bì, kí a dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí a tún bẹ̀rẹ̀.

Bí àwùjẹ̀ ọmọ bá jìn, tí ojú rẹ̀ wọ inú, tí ó ń sunkún láìsí omijé, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, tí kò lè mumi, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Ará Mọ́kọ́lá kò jìnnà sí Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu, bẹ́ẹ̀ ni kò jìnnà sí UCH tí a ṣí ní 1957.

Kò yẹ kí a di ẹrù yìí lé ìyá lórí nìkan. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ni ó mọ̀ pé ọmọ òun ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n tí kò lè tako ìyá ọkọ rẹ̀. Kí baba ọmọ pèsè owó ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ìyá àgbà pẹ̀lú, tí gbogbo ilé ń gbọ́ tirẹ̀, yí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ padà, dípò "Eyín ni," kí ó wí pé, "Ẹ gbé e lọ." Ọmọ tí ó bá yè ni yóò fi eyín náà jẹun.